Níbo Ni Ìlú Náà Wà?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí tí ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn. Ìbéèrè ni. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi bi ìyá àgbàlagbà kan lẹ́bàá títì, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, kí n sì tó délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ìtìjú rẹ̀ ti bò mí.

Ìlú Hays ni mò ń gbé, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni, ọjọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Mo gba ọ̀nà 183 lọ sí àríwá títí mo fi dé Stockton, mo yà sọ́wọ́ òsì, mo bọ́ sí ọ̀nà 24, mo dorí kọ káúńtì Graham (káúńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́dọ̀ wa). Nicodemus ni mò ń wá, ìlú tí àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú tẹ̀ dó ní ọdún 1877. Mo wakọ̀ títí. Mo rí ilé òkúta kan, mo rí ṣọ́ọ̀ṣì, mo rí ilé mélòó kan tí wọ́n jìnnà síra, mo rò pé abà ni, mo sì ń lọ ní tèmi. Àfìgbà tí fóònù mi ní kí n ṣẹ́rí padà.

Mo padà, mo páàkì, mo sọ̀ kalẹ̀. Ìyá náà ń ti ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ó dé fìlà tó fi ń ṣíji bojú. Mo kí i, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ìlú náà wà?”

Ó wò mí. Kò bínú rárá. Ó ní, “Ọmọ mi, àárín rẹ̀ lo dúró sí yẹn.”

Òun náà bi mí ní ìbéèrè kan kí a tó pínyà. N ó dé orí ìyẹn.

Èéfín látinú ilẹ̀

Ìgbà tí mo délé ni mo jókòó ka ohun tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Willianna Hickman, ọ̀kan lára àwọn tó tẹ ìlú náà dó, sọ nípa ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ìgbà ìrúwé ọdún 1878 ni. Òun àti ọkọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ oníwàásù, pẹ̀lú àwọn ọmọ ìjọ wọn, ti Kentucky wá. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin dé Ellis, wọ́n wá fi ọjọ́ méjì la pápá kọjá. Ara obìnrin náà kò yá. Nígbà tí àwọn ọkùnrin tó wà níwájú pariwo pé Nicodemus rèé, inú rẹ̀ dùn. Ó ní gbogbo ojú tí òun ní lòun fi wò, òun ò rí nǹkan kan. Ó wá béèrè: níbo ni Nicodemus wà? Ọkọ rẹ̀ na ọwọ́ sí èéfín tó ń jáde látinú ilẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, ó ní Nicodemus nìyẹn. Inú ihò tí wọ́n gbẹ́ sára ilẹ̀ làwọn èèyàn ń gbé. Obìnrin náà bú sẹ́kún.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbéèrè kan náà ni èmi pẹ̀lú rẹ̀ bi. Ohun tí tirẹ̀ fi yàtọ̀ ni pé ìlú náà kò tíì jáde sókè nígbà tó dé. Nígbà tí èmi dé, ó ti yọ sókè, ó ti tàn, ó sì ti wọlẹ̀ padà. Àárín èéfín yẹn àti ọjọ́ tí mo páàkì mọ́tò mi ni ọ̀rọ̀ yìí wà.

Ìwé ìléwọ́ ló kó àwọn tó ṣáájú rẹ̀ wá. Ọkùnrin funfun kan tó ń jẹ́ W. R. Hill àti oníwàásù dúdú kan, W. H. Smith, ló dá ẹgbẹ́ ìtẹ̀dó náà sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1877. Wọ́n polongo kiri Kentucky pé dọ́là márùn-ún péré lèèyàn máa san láti bá wọn lọ. Nǹkan bí 300 èèyàn dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Òtútù ti ń bọ̀ nígbà náà. Kò sí igi tí wọ́n lè fi kọ́lé. Ẹṣin wọn kò pọ̀, ohun ìtúlẹ̀ wọn kò tó nǹkan. Àwọn mìíràn wo ọ̀run, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n yíjú padà. Àwọn tó dúró gbẹ́ ihò. Àwọn àgbà Nicodemus ṣì ń sọ ọ́ dòní pé àwọn ẹ̀yà Osage, ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń ti oko ọdẹ bọ̀ fún wọn ní ẹran ní ìgbà òtútù àkọ́kọ́ yẹn, bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ebi ì bá pa wọ́n.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi rúlà fà

Kí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1888 tó lè yéni, àfi kéèyàn kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ilẹ̀ ibẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, odò, àpáta, ìrókò ni ń sọ ibi tí ilẹ̀ ẹnì kan parí sí, pèrègún la sì fi ń pààlà. Ní káúńtì Graham, rúlà ló pààlà. Òfin ọdún 1785 ni wọ́n fi gé ilẹ̀ náà sí igun mẹ́rin mẹ́rin, máìlì kan ní òró, máìlì kan ní ìbú, 640 éékà. Káúńtì náà fúnra rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ igun mẹ́rin tó dọ́gba, nǹkan bí 30 máìlì sí 30 máìlì. Òfin Homestead ti ọdún 1862 wá sọ pé ẹni tó bá lè gbé lórí 160 éékà fún ọdún márùn-ún, kó sì dá oko síbẹ̀, tirẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tí òfin yẹn ṣe. Ó ní kí àgbẹ̀ máa sùn lórí oko rẹ̀. Àwa ní tiwa, inú ìlú là ń sùn, a ó jí lọ sóko, a ó sì padà sílé. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, oko ni ilé, ọjà nìkan ló ń gbé wọn wá sí ìlú. Ìdílé kan á wà ní àárín 160 éékà tirẹ̀, aládùúgbò rẹ̀ á wà ní ibi tí ohùn kò lè dé. Kí wá ni ìlú? Ìlú ni ṣọ́ọ̀bù, ilé ìfìwéránṣẹ́, alágbẹ̀dẹ, ibi tí wọ́n ti ń gba ọkà lọ́wọ́ àgbẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì. Ká ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù Ìbòkun ìlú wa kógbá sílé lọ́la, Ìbòkun kò ní kúrò níbẹ̀, torí agboolé ló gbé e dúró. Ìlú tí ọjà nìkan gbé dúró kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjà bá ṣí kúrò, ìlú ṣí kúrò nìyẹn.

Òjò náà tún wà níbẹ̀. Ìlà kan wà lórí máàpù ayé, ìlà 100 ní ìwọ̀-oòrùn, tó gba àárín káúńtì Graham kọjá, láàárín Hill City àti Morland. Ní ọdún 1878, ọdún tí Willianna Hickman sunkún yẹn gan-an, John Wesley Powell, onímọ̀ nípa ilẹ̀, gbé ìròyìn kan fún ìjọba Amẹ́ríkà pé láti àgbègbè ìlà yẹn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, kí àgbẹ̀ má gbẹ́kẹ̀ lé òjò nìkan. Òjò tó ń rọ̀ ní káúńtì náà lọ́dún kò tó ìdajì ti Ìbàdàn. Àwọn tó wá láti Kentucky, níbi tí òjò ti ń rọ̀ dáadáa, ló dé orí ìlà yẹn pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Kò sí ìwé ìléwọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Mo kúrò lọ́dọ̀ ìyá yẹn, mo rìn dé etí oko kan. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ni mo fẹ́ sọ díẹ̀, torí mi ò retí rẹ̀. Ohun ọ̀gbìn náà pupa rẹ́súrẹ́sú, ó lọ salalu títí ojú mi fi rí i mọ́ ọ̀run. Mo sún mọ́ ọn, mo fi ọwọ́ kan orí kan, àwọn èso kéékèèké bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ọkà bàbà ni! Ọkà bàbà tí ìyá mi fi ń ṣe ògì pupa, tí a máa ń ṣa poroporo rẹ̀ fún aláìlẹ́jẹ̀. Àmọ́ kò ga. Lọ́dọ̀ wa, èèyàn lè sá pamọ́ sínú oko ọkà bàbà. Èyí kò kọjá ìbàdí mi. Wọ́n ti fi ọdún púpọ̀ yan irú rẹ̀ títí ó fi kúrú, kí ẹ̀rọ ìkórè lè gbá orí rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ọkà bàbà ti ṣẹ̀, Kansas ló sì ń gbìn ín jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lónìí, torí ó lè fara da ọ̀dá níbi tí àgbàdo bá ti rọ. Àlìkámà ń bá a pín ilẹ̀ náà, màlúù ń jẹ pápá tó kù. Mo dúró níbẹ̀ pẹ́, mo di ọkà náà mú bí ẹni di ọwọ́ ará ilé mú nílùú òkèèrè.

Ọdún tí ṣọ́ọ̀bù kọjá odò

Láàárín ọdún mẹ́wàá tí wọ́n gbẹ́ ihò, Nicodemus ti kúrò ní ohun téèyàn ń wá lójú èéfín. Wọ́n ti fi òkúta ẹfun kọ́lé. Ilé ìtura wà, ilé ẹ̀kọ́ wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, ìwé ìròyìn méjì ń jáde, Western Cyclone àti Nicodemus Enterprise. Edward McCabe, ọ̀dọ́kùnrin dúdú tó dé síbẹ̀ ní 1878, ti ṣe akọ̀wé káúńtì náà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1880, àwọn ará Kansas sì dìbò yàn án ní 1882 láti máa ṣàyẹ̀wò owó gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Ẹ ṣírò rẹ̀: ọdún márùn-ún péré ló wà láàárín ihò ilẹ̀ àti ibi ìṣúra ìpínlẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù wọ́n kù, ojú irin. Àlìkámà tí àgbẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin gbé lọ sí ọ̀nà jíjìn, owó rẹ̀ ti tán lójú ọ̀nà. Ní 1887, wọ́n dìbò pé ìlú á yá $16,000 kí ilé iṣẹ́ ojú irin Missouri Pacific lè gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá. Fún àwọn èèyàn tí wọ́n san dọ́là márùn-ún wá síbẹ̀, òkè owó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sí i, Missouri Pacific kò wá. Ní 1888, ilé iṣẹ́ ojú irin mìíràn, Union Pacific, wá, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ló gbà, ní gúúsù odò Solomon, ó fi Nicodemus sílẹ̀ sí òdìkejì omi.

Ibi yìí ni ọkàn mi kò lè kúrò. Mo ti wo odò náà. Kì í ṣe odò Ọ̀ṣun, kì í ṣe Ògùn. Omi kékeré ni, igi díẹ̀ tó wà ní gbogbo àgbègbè náà ló tò sí etí rẹ̀. Máìlì mélòó kan péré ló wà láàárín ìlú náà àti ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin pàgọ́ sí. Ibi àgọ́ yẹn ni àwọn oníṣòwò Nicodemus bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ. Kì í ṣe ọjà nìkan ni wọ́n kó, wọ́n gbé ilé ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ kọjá odò. Mo ń fojú inú wo obìnrin kan tó dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ní òwúrọ̀, tó ń wo ilé tó ti ń ra iyọ̀ bó ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀ nínú pápá. Àgọ́ yẹn ló wá di ìlú Bogue.

A máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ní káúńtì Graham ní 1888, ọ̀nà kan ṣoṣo ló wọ ọjà, irin ni wọ́n sì fi ṣe é. Mi ò lè dá àwọn oníṣòwò yẹn lẹ́bi. Ibi tí oníbàárà bá lọ ni alájàpá ń lọ, èmi náà ì bá gbé ṣọ́ọ̀bù mi. Ìlú àwọn èèyàn funfun tí ojú irin yẹ̀ sílẹ̀ ní Kansas pọ̀ lásìkò yẹn, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ẹni tó ń rántí orúkọ wọn mọ́. Ohun tó dùn mí ni pé ìlú yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó jẹ́ tara wọn. Wọn ò tíì lo ọdún mọ́kànlá nínú rẹ̀ tí ẹni tó fa ìlà nínú ọ́fíìsì fi fà á gba ibòmíràn.

Ará ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà mọ irú rẹ̀. Nígbà tí ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, Òṣogbo di ọjà àgbáyé, Iléṣà kò rí tirẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ sí èjìká, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ tajà ká gbogbo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Iléṣà dúró, torí agboolé ló gbé e dúró, bí mo ṣe wí.

Ẹni tó jàǹfààní náà kò sanra

Ẹ jẹ́ kí n yára gba ibi tó kù kọjá, torí kò yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ káúńtì tó yí i ká. Bogue tó gba ọjà lọ́wọ́ Nicodemus, kò tó 200 èèyàn tó wà níbẹ̀ lónìí. Hill City tó jẹ́ olú ìlú káúńtì náà kò ju bí 1,400 lọ. Ní 1910, gbogbo káúńtì náà ní 8,700 èèyàn. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, 2,415 ló kù, ìyẹn ni pé ilẹ̀ tó fẹ̀ tó 900 máìlì onígun mẹ́rin kò ní tó èèyàn mẹ́ta lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọ̀dá àti ìjì eruku àwọn ọdún 1930 lé àwọn kan lọ. Ẹ̀rọ ló lé èyí tó pọ̀ jù. 160 éékà tó ń bọ́ ìdílé kan láyé Hickman, ẹ̀rọ ìkórè kan lè gbá a tán kí ọjọ́ méjì tó pé, àgbẹ̀ tó ra ẹ̀rọ olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún éékà kó tó lè san gbèsè rẹ̀. Oko ọmọnìkejì ló máa rà. Ọmọnìkejì á kó lọ sí Denver tàbí Wichita. Epo rọ̀bì wà nílẹ̀ náà, mo rí àwọn ẹ̀rọ tó ń fà á láàárín oko àlìkámà, wọ́n ń tẹrí ba, wọ́n ń gbérí, láìsí ẹnì kan nítòsí. Owó ń jáde nínú ilẹ̀ náà o. Ohun tí kò sí ni iṣẹ́ tó nílò ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn.

Torí náà, nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi sọ pé ibẹ̀ yẹn ti kú, mi ò lè dákẹ́. Ilẹ̀ tó ń hu ọkà tó bẹ́ẹ̀ kò kú.

Koríko

Àwọn tó ń sùn ní Nicodemus lónìí kò tó 20. Síbẹ̀, ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù keje lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ibẹ̀ ń ti gbogbo Amẹ́ríkà wọlé, wọ́n á pọ̀ dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ọdún òmìnira ni, orí ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ 1834, tí àwọn ẹrú ilẹ̀ West Indies gba ìdáǹdè, ni wọ́n gbé e kà, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á jọ́sìn, wọ́n á lọ sí itẹ́ òkú. Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ní 1996, ìjọba àpapọ̀ sọ ìlú náà di ibi ìtàn orílẹ̀-èdè, ilé márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, títí kan gbọ̀ngàn ìlú tí wọ́n fi òkúta ẹfun kọ́ ní 1939.

Ìyá tí mo bá pàdé sọ fún mi pé Topeka lòun ń gbé, pé ibẹ̀ ni wọ́n bí òun sí, pé ibojì ìyá òun lòun wá wò. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí ojú mi ti fò dá látìgbà tí mo dé: wọ́n ti gé koríko. Àyíká ilé tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, iwájú àwọn fèrèsé tí wọ́n fi pákó dí, gbogbo rẹ̀ ló mọ́ tónítóní, òórùn koríko tútù ṣì wà nínú afẹ́fẹ́.

Ó bi mí pé, “Níbo ni ilé yín?”

Mo ní Hays.

“Rárá, ilé yín gan-an.”

Mo ní Nàìjíríà ni, ìlú kan tó ń jẹ́ Ìbòkun. Mo ní ilé bàbá wa ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ìyá mi ti kú.

Ó mi orí. Ó wá ní, “Ta ló ń bá yín gé koríko ibẹ̀?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo dúró síwájú rẹ̀, mi ò lè dáhùn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó lè pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Ìbàdàn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń gé koríko ilé wa ní Ìbòkun?” Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, “Bàbá ẹlẹ́mu tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni. Ó ti tó ọdún méjì tá a ti fún wọn lówó kẹ́yìn. Wọn ò ṣíwọ́ gígé rẹ̀ o.” Mo ní kí wọ́n fi nọ́ńbà àkáǹtì bàbá náà ránṣẹ́ sí mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bàbá náà kò ní àkáǹtì, pé owó ọwọ́ ni wọ́n ń gbà, pé àfi kí ẹnì kan nínú wa dé ibẹ̀.

Mo ti kọ̀wé béèrè ìsinmi oṣù kejìlá.